Ọ̀rọ̀ Àṣẹ àti Iṣẹ́ Ìríjú: Àlàyé nípa Ṣíṣe Àbójútó Kọ̀ǹpútà tí ń Lo Linux

 

Ó ti di àṣà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde máa fi kọ̀ǹpútà ta ilé-ẹ̀kọ́ wọn lọ́rẹ nígbà àjọ̀dún. Àṣà rere ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a ti rí yàrá kọ̀ǹpútà tí a ṣí pẹ̀lú orin àti ìdùnnú, tí ó sì di ibi ìkó-ẹrù-sí kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ náà tún ti le sí i báyìí. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú tí ó ń ṣe déédéé fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò ní àléébù kankan ni kò sì kún ojú òṣùwọ̀n tí Windows 11 béèrè. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tíì kú. Linux wà, a kì í sanwó kí a tó gbà á, ó sì lè ṣiṣẹ́ dáradára lórí ẹ̀rọ tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá. Síbẹ̀, ohun tí a kò sanwó rà ń fẹ́ olùtọ́jú gẹ́gẹ́ bí ohun tí a rà.

Ohun kejì tí ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí ni ẹ̀rù tí ń ba àwọn òbí kan. Bí òbí bá wọlé, tí ó bá ọmọ rẹ̀ níwájú ojú kọ̀ǹpútà dúdú kan tí kò sí àwòrán lórí rẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ funfun tí ń sáré kọjá, èrò tí ó lè kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ọmọ náà ti darapọ̀ mọ́ àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí à ń pè ní ọmọ yahoo. A kò dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ayé tí a wà yìí ni ó kọ́ wa láti máa fura. Ṣùgbọ́n ojú dúdú yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Ibẹ̀ ni a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ sì ni àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ilé ìfowópamọ́ àti yunifásítì ti ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ohun tí ó tọ́ kí òbí béèrè ni èyí: àṣẹ ta ni ọmọ yìí ń lò, lórí ẹ̀rọ ta ni, ta ni yóò sì jíhìn fún? A ó gbìyànjú láti fi hàn pé ìbéèrè yìí gan-an ni Linux fúnra rẹ̀ ń bi olúkúlùkù ẹni tí ó bá ń lò ó.

IBI TÍ LINUX TI WÁ

Ní ọdún 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò kan tí a wá mọ̀ sí Unix, ní Bell Labs ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń pín kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lò. Nítorí náà, Unix ní láti mọ ẹni tí ó ni fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mọ ohun tí ẹlòmíràn lè fi ṣe. Ní ọdún 1983, Richard Stallman kéde iṣẹ́ kan tí ó pè ní GNU. Èrò rẹ̀ ni pé kí olúkúlùkù ní òmìnira láti lo ètò kọ̀ǹpútà, láti ka bí a ti kọ ọ́, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún aládùúgbò rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, kéde pé òun ń kọ ètò kan tí ó fara jọ Unix. Ohun tí ó kọ ni kernel, èyíinì ni ọkàn ètò náà, tí ń darí gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a so kernel yìí pọ̀ mọ́ àwọn irinṣẹ́ GNU, odindi ètò tí ó lè dúró fúnra rẹ̀ jáde. Àwọn ènìyàn wá ń kó o jọ ní oríṣiríṣi ọ̀nà: Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní ọdún 1993, Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, sì gbé Ubuntu jáde lórí ìpìlẹ̀ Debian ní ọdún 2004. Àwọn àpẹẹrẹ tí a ó lò nísàlẹ̀ bá méjèèjì mu.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun ọ̀fẹ́ jẹ́ ohun yẹpẹrẹ. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni ó ti jẹ́ pé Linux ni gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tí ó lágbára jù lọ lágbàáyé, tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ TOP500, ń lò. Fóònù Android tí ó wà nínú àpò yín pẹ̀lú, kernel Linux ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

KỌ̀ǸPÚTÀ KÒ GBỌ́ ÀBỌ̀ Ọ̀RỌ̀

Àwọn baba wa a máa sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọlúwàbí. Odindi ọ̀rọ̀ ni ó ń fẹ́, bí a bá sì ti sọ ọ́ ni yóò ti ṣe é. Wọ́n tún ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà kò mọ òwe yìí pẹ̀lú. Bí a bá rán an ní iṣẹ́ tí kò dára, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò jẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ ìlà àṣẹ fi jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ìkóra-ẹni-níjàánu kí ó tó jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ.

Ètò tí a ń pè ní Terminal ni a ó ṣí. Àmì kan yóò yọ, tí ń dúró de ọ̀rọ̀ wa. Gbólóhùn àṣẹ sábà máa ń ní ẹ̀yà mẹ́ta: ọ̀rọ̀ ìṣe, àfikún tí ó sọ bí a ti fẹ́ kí a ṣe é, àti ohun tí a fẹ́ kí a ṣe é sí. Fún àpẹẹrẹ:

ls -l /home

ls ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Ó túmọ̀ sí pé kí a to ohun tí ó wà níbẹ̀ fún wa wò. -l ni àfikún. Ó ní kí a tò ó ní kíkún, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ni ín, bí ó ti tóbi tó, àti ọjọ́ tí a yí i padà kẹ́yìn. /home ni ibi tí a fẹ́ wò. Nígbà tí a bá tẹ Enter ni àṣẹ náà tó di ṣíṣe.

Kí a kíyè sí ohun mẹ́ta. Èkíní, àlàfo ni ó ya ẹ̀yà kan kúrò lára èkejì. A kò gbọdọ̀ fò ó, a kò sì gbọdọ̀ fi í síbi tí kò yẹ. Èkejì, lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré yàtọ̀ sí ara wọn. Gẹ́gẹ́ bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ti jẹ́ ọ̀kan náà létí Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni Esi àti esi kò jẹ́ fáìlì kan náà lójú Linux. Ẹ̀kẹta, bí àṣẹ bá yọrí sí rere, Linux sábà máa ń dákẹ́. Ìgbà tí nǹkan kò bá lọ déédéé ni ó ń sọ̀rọ̀; nítorí náà, kí a ka ohun tí ó bá sọ ní sùúrù, nítorí ibẹ̀ ni àtúnṣe sábà máa ń wà.

Ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ àṣẹ kan lè tẹ man, kí ó sì fi orúkọ àṣẹ náà tẹ̀lé e, bíi man ls. Ìwé àlàyé yóò ṣí láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà q ni a fi ń jáde kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì, tí a sì tẹ bọ́tìnnì Tab, Linux yóò bá wa parí rẹ̀ bí kò bá sí orúkọ mìíràn tí ó jọ ọ́. Èyí a máa dín àṣìtẹ̀ kù púpọ̀.

RÍRÌN NÍNÚ AGBO ILÉ

Gbogbo ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ Linux wà nínú agbo ilé kan ṣoṣo, àmì / sì ni ẹnu-ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀. Nínú /home ni yàrá olúkúlùkù òǹlò wà. Nínú /etc ni a kó àwọn ìwé ìlànà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé sí. Nínú /var/log ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ wà. Fláàṣì tí a bá kì bọ ẹ̀rọ náà yóò di ọ̀kan nínú àwọn yàrá inú /media.

Àṣẹ díẹ̀ ni a fi ń rìn nínú agbo ilé yìí. pwd ń sọ ibi tí a wà. cd ń gbé wa lọ sí ibòmíràn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lásán, ó ń dá wa padà sí yàrá wa. mkdir ń dá àpò tuntun sílẹ̀ fún fáìlì. cp ń ṣe ẹ̀dà, mv ń gbé fáìlì kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn tàbí kí ó pa orúkọ rẹ̀ dà, less sì ń ṣí ìwé fún wa kà. Ẹ jẹ́ kí a wo bí akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe lè to èsì ìdánwò sáà kìíní:

mkdir esi
mv saa1.txt esi/
cd esi
cp saa1.txt saa1-eda.txt
ls

Ó dá àpò kan sílẹ̀ tí ó pè ní esi. Ó gbé fáìlì èsì sínú rẹ̀. Ó wọ inú àpò náà. Ó ṣe ẹ̀dà fáìlì náà. Lẹ́yìn èyí ni ó wò ó bóyá méjèèjì ti wà níbẹ̀. A kò fi àmì sórí orúkọ fáìlì nínú àpẹẹrẹ wa kí ó lè rọrùn láti tẹ̀. Linux gba ẹ, ọ àti àmì ohùn nínú orúkọ fáìlì láìsí wàhálà.

KÍ IṢẸ́ KAN GBÉ FÚN ÈKEJÌ

Ẹwà ìlà àṣẹ wà nínú pé àṣẹ kéékèèké lè so ọwọ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ní fáìlì kan tí orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹnìkan lórí ìlà kan, pẹ̀lú ọdún tí ó jáde. Bí a bá fẹ́ orúkọ àwọn tí wọ́n jáde ní 2004, a lè tẹ̀:

grep 2004 akekoojade.txt | sort > egbe2004.txt

grep ṣa gbogbo ìlà tí 2004 bá wà nínú rẹ̀. Igi òòró tí ó dúró láàrin gbé ohun tí grep rí lé sort lọ́wọ́, èyí tí ó tò wọ́n ní ìtẹ̀léra a, b, d. Àmì > kó àbájáde rẹ̀ sínú fáìlì tuntun. Bí a bá wá tẹ wc -l egbe2004.txt, Linux yóò sọ iye ìlà tí ó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìbá gba akọ̀wé ẹgbẹ́ ní odindi ọ̀sán kan ti parí ní ìṣẹ́jú àáyá.

Ṣùgbọ́n kí a rántí pé odindi ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń fẹ́. grep kò mọ̀ pé ọdún ni a ní lọ́kàn. Bí nọ́ńbà fóònù ẹni tí ó jáde ní 1978 bá ní 2004 nínú, yóò kó òun náà mọ́ wọn. Bákan náà, bí egbe2004.txt bá ti wà tẹ́lẹ̀, àmì > yóò nu ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nù láìbéèrè. >> ni a ń lò bí a bá fẹ́ fi kún un. Ẹ̀rọ a máa yára, ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò ka àbájáde rẹ̀ wò kí ó tó fọwọ́ sí i.

ẸYIN NI OHÙN

Àṣẹ kan wà tí ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ju gbogbo àwọn yòókù lọ: rm, tí a fi ń pa fáìlì rẹ́. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ohun tí a bá fi rm parẹ́ kò lọ sí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tí a ti lè lọ mú un padà.

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

rm esi*
rm esi *

Ti àkọ́kọ́ ní kí a pa gbogbo fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú esi rẹ́. Ti èkejì ní kí a pa esi rẹ́, kí a sì tún pa gbogbo fáìlì tí ó wà níbi tí a dúró sí rẹ́. Àlàfo kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ wọn. Bí a bá tún fi àfikún -r sí i, àṣẹ náà yóò kó àwọn àpò àti gbogbo ohun inú wọn lọ pẹ̀lú.

Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n alábòójútó fi máa ń tẹ pwd kí ó tó tẹ rm, kí ó lè mọ ibi tí ó wà. Yóò kọ́kọ́ fi ls dípò rm, bíi ls esi*, kí ó lè rí àwọn fáìlì tí ọ̀rọ̀ náà yóò kàn. Ó sì lè fi àfikún -i sí rm, kí Linux máa bi í léèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a rántí pẹ̀lú pé cp àti mv lè gorí fáìlì mìíràn tí ó ní orúkọ kan náà. Àfikún -i wúlò fún àwọn náà.

BALÓGUN Ọ̀RÚN ÀTI ÀṢẸ ROOT

Òǹlò kan wà lórí gbogbo ẹ̀rọ Linux tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ root. Kò sí fáìlì tí a lè fi pamọ́ fún un nípa òfin ẹ̀rọ náà, kò sì sí òǹlò tí kò lè lé jáde. Bí root bá sọ pé kí a pa gbogbo ilé rẹ́, ilé ń lọ nìyẹn. Nítorí náà, ìlànà tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ń tẹ̀lé ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sórí ìtẹ́ root láti ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Òǹlò lásán ni kí ó jẹ́; ìgbà tí iṣẹ́ kan bá ń fẹ́ àṣẹ gíga ni kí ó fi ọ̀rọ̀ sudo ṣíwájú àṣẹ náà. Yóò tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, a ó ṣe iṣẹ́ náà, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ agbára náà yóò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Linux yóò tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá lo àṣẹ báyìí, ní ọjọ́ báyìí, ní wákàtí báyìí.

Nínú Ìhìnrere Mátíù, a kà nípa balógun ọ̀rún kan ní Kapernáúmù tí ó mọ bí ọ̀rọ̀ àṣẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ọmọ-ogun lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì tó láti rán wọn lọ tàbí láti pè wọ́n wá. Ṣùgbọ́n kí ó tó dárúkọ àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun pẹ̀lú wà lábẹ́ àṣẹ. Bí sudo ti rí gan-an nìyẹn. Agbára wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tí a yá ni lò ni, tí a kọ orúkọ ẹni tí ó lò ó sílẹ̀, tí a ó sì béèrè ìṣirò rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ èyí láti ìgbà èwe ti kọ́ ohun tí ó ju kọ̀ǹpútà lọ.

Ẹ̀wẹ̀, bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, akọ̀wé, akápò àti olùkọ́ mẹ́ta bá jọ ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo, ètò yìí ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí máàkì ọmọ kan bá yí padà, kò sí ẹni tí a lè bi léèrè, aláìṣẹ̀ sì lè jìyà ohun tí kò ṣe.

TA NI Ó LÈ KA ÈSÌ ÌDÁNWÒ?

Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní Linux ní ẹni tí ó ni ín, ó ní ẹgbẹ́ tí ó wà fún, àwọn yòókù sì wà lẹ́yìn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, ìyọ̀ǹda mẹ́ta ni ó wà: r ni láti kà á, w ni láti kọ nǹkan sínú rẹ̀, x ni láti mú un ṣiṣẹ́ bí ètò. Bí a bá tẹ ls -l, tí a sì rí -rw-r-----, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ni ín lè kà á, ó sì lè yí i padà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà á nìkan. Ẹlòmíràn kò lè rí inú rẹ̀.

Nọ́ńbà ni a sábà fi ń fi ìyọ̀ǹda yìí lélẹ̀: r jẹ́ 4, w jẹ́ 2, x jẹ́ 1. Èyí tí a sọ lókè yìí jẹ́ 640: 4 àti 2 fún ẹni tí ó ni ín, 4 fún ẹgbẹ́, òfo fún àwọn yòókù. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kí ọ̀gá nìkan, tí orúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ jẹ́ ogaile, lè tún èsì kọ, kí àwọn olùkọ́ sì lè kà á, alábòójútó lè ṣe báyìí:

sudo addgroup oluko
sudo adduser olukoisiro
sudo adduser olukoisiro oluko
sudo chown ogaile:oluko saa1.txt
sudo chmod 640 saa1.txt

Àṣẹ kìíní dá ẹgbẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Èkejì ṣí àkáǹtì fún olùkọ́ ìṣirò, ẹ̀kẹta sì fi í sínú ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹrin fi fáìlì náà sí abẹ́ ọ̀gá àti ẹgbẹ́ olùkọ́, èkarùn-ún sì fi ìyọ̀ǹda lélẹ̀. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ náà bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, sudo passwd -l olukoisiro yóò ti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ pa, láìfọwọ́ kan iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀.

Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ fi kún un. Ẹni tí ó bá ní ìyọ̀ǹda w lórí àpò kan sábà máa ń lè yọ fáìlì kúrò nínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè ka fáìlì náà. Nítorí náà, kí a wo ìyọ̀ǹda àpò pẹ̀lú ti fáìlì. Èkejì, ìyọ̀ǹda kò dí ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé lọ́wọ́, nítorí ó lè fi fláàṣì mìíràn tan án, kí ó sì ka ohun inú rẹ̀, àfi bí a bá ti fi àṣírí-ọ̀rọ̀ ti díìsìkì rẹ̀ pa. Ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà ṣì ń fẹ́ àgádágodo.

IṢẸ́ ÒÒJỌ́ ALÁBÒÓJÚTÓ

Iṣẹ́ alábòójútó dà bí iṣẹ́ ẹni tí ń tọ́jú ilé ìjọsìn: ọjọ́ tí kò bá ṣe é ni àwọn ènìyàn tó ń mọ̀ pé ó wà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kí ó tẹ̀:

sudo apt update
sudo apt upgrade

Ti àkọ́kọ́ kàn ń mú àkọsílẹ̀ ohun tuntun tí ó ti jáde wá. Ti èkejì ni ó ń gbé wọn wọ inú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ nínú àtúnṣe wọ̀nyí ni ó ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Ti èkejì yìí sì ń jẹ dátà. Kí a ka iye tí ó ní òun yóò gbà kí a tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àṣẹ df -h ń fi àyè tí ó kù lórí díìsìkì hàn, free -h ń sọ bí àyè ìrántí ẹ̀rọ ti rí, journalctl -b -p err sì ń kó ẹ̀dùn-ọkàn ẹ̀rọ jáde láti ìgbà tí a ti tàn án.

Nílẹ̀ wa níbí, iná mọ̀nàmọ́ná kì í dágbére. Bí ẹ̀rọ bá wà lórí bátìrì, tí iná sì lọ, kí alábòójútó tètè pa á pẹ̀lú sudo poweroff, kí bátìrì tó kú. Ìlọ-ojijì lè ba fáìlì tí a ń kọ lọ́wọ́ jẹ́.

Iṣẹ́ tí ó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀dà ìpamọ́. Rsync ni irinṣẹ́ tí ó bá a mu jù:

rsync -av --dry-run /home/ogaile/esi/ /media/ogaile/IPAMO/esi/

Àfikún --dry-run ní kí rsync sọ ohun tí yóò ṣe láìtíì ṣe é. Bí ó bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó yọ àfikún náà kúrò, a ó sì tún àṣẹ náà tẹ̀. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ohun tí ó bá yí padà nìkan ni rsync yóò máa kó. Kí ẹ̀dà méjì wà, kí ọ̀kan nínú wọn má sì sí nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, nítorí iná àti olè kì í mọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀dà. Ẹni tí ó bá mú fláàṣì ìpamọ́ lè ka gbogbo inú rẹ̀. Inú àpótí onírin ni kí ó máa gbé. Lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí a mú fáìlì kan láti inú ẹ̀dà náà, kí a ṣí i, kí a sì kà á. Ẹ̀dà tí a kò tíì gbìyànjú láti ṣí rí, ìrètí lásán ni.

BÍ A ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè gba Ubuntu, Debian tàbí Linux Mint láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó kọ ọ́ sórí fláàṣì, kí ó sì fi fláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Ètò wọ̀nyí lè ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Nípa bẹ́ẹ̀ a ó mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà bá a mu. Bí ẹ̀rọ náà kò bá lágbára púpọ̀, kí a yan èyí tí ó ń lo Xfce, nítorí ó fúyẹ́. Kí a tó fi Linux sínú ẹ̀rọ pátápátá, kí a kó gbogbo fáìlì tí ó níyì jáde ná, nítorí ìgbésẹ̀ náà lè nu díìsìkì náà mọ́ tónítóní.

Kí a má tan ara wa: ètò kan wà tí a kọ fún Windows nìkan, pàápàá àwọn ètò ìdánrawò ìdánwò kan. Kí ilé-ẹ̀kọ́ wo èyí tí ó ń lò kí ó tó yí ẹ̀rọ gbogbo padà. LibreOffice lè ṣí ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi Microsoft Word àti Excel kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn lè yí padà díẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá tún bá ọmọ yín níwájú ojú dúdú yẹn, ẹ jókòó tì í. Ẹ ní kí ó ka àṣẹ tí ó tẹ̀ sí yín létí, kí ó sì sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti ẹni tí ó fún un ní àyè láti ṣe é. Ọmọ tí ó bá ń kọ́ ohun rere yóò láyọ̀ láti ṣàlàyé. Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹ ti mọ ibi tí ìjíròrò yín yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, ẹ fi ènìyàn tì í. Láàrin wa ni a ti ní àwọn tí ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, nílé àti lẹ́yìn odi. Wákàtí méjì lóṣù láti ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, láti kọ́ olùkọ́ kan àti ọmọ mẹ́rin, lè mú kí ogún ẹ̀rọ wà láàyè. Bí a kò bá ní ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, ogún ẹ̀rọ tuntun kò ní pẹ́ dà bí àwọn ti àtijọ́.

Ohun gbogbo tí ó wà lọ́wọ́ wa, a fi lé wa lọ́wọ́ ni. Kí Olúwa tí ó fún wa ní ọ̀rọ̀ àti òye kọ́ àwọn ọmọ wa láti pàṣẹ pẹ̀lú ọgbọ́n, kí ó sì rí gbogbo wa ní olóòótọ́ ìríjú. Àmín.